Ẹsẹ̀ Bàbá Fẹ́mi àti Ìwé Ijó Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Júùnù 2024

A ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi ń kọ èyí. Dókítà ní oògùn náà ni kí Bàbá Fẹ́mi máa lò lọ, pé Pakínsìn kì í ṣe ibà téèyàn ń gba abẹ́rẹ́ sí kó lọ. Ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹsẹ̀ ni. Wọ́n á máa rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà báyìí, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀, òkè ara á sì máa lọ. Bí wọ́n ṣe ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù tó kọjá nìyẹn, lójú gbogbo ìjọ.

Dókítà fi wá ránṣẹ́ sí àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá wo iṣan àti egungun. Ọmọbìnrin kan ló dá wa lóhùn, Raliat lorúkọ rẹ̀, híjáàbù rẹ̀ balẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì lọ́yàyà. Ó ní kí Bàbá Fẹ́mi rìn, ó wò wọ́n, ó ní kí wọ́n tún rìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn wọn, pó, pó, pó. Wọ́n sì kọjá.

"Màámi, ẹ rí i? Ọpọlọ ò ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Àmọ́ tí etí bá gbọ́ ohun tó ń lọ déédéé, ẹsẹ̀ á gba ibẹ̀ gbéra. Níbòmíràn, ijó gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ irú àwọn aláìsàn yìí."

"Ijó kẹ̀?"

Bàbá Fẹ́mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú fìlà wọn, a sì wọ mọ́tò padà sílé ní Ọ̀yọ́.

Ọmọ wa, Fẹ́mi, pè láti Àbújá nírọ̀lẹ́. Yàrá tó ń kọ́ sẹ́yìn ilé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ní bí Ọ́gọ́ọ̀sì bá ń lọ sópin, òun ń bọ̀ wá kó wa. "Ẹ ò lè máa dá gbé bàbá nílẹ̀, Màámi. Ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé mọ́." Òótọ́ ló sọ. Bàbá Fẹ́mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí àga wọn. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 5 Júùnù

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ bí Raliat ṣe ṣe é. Wọ́n ní ṣé adìẹ ni mò ń lé ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Júùnù

Lónìí mo gbé àpótí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, mo sì mú ìwé ijó wọn jáde. Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú ló ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣí i lójú Mátíù ọkọ mi, ẹni tó fagi lé ijó ìdágbére àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún nígbà tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé ìwé?

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá mi, Gabriel. Kó tó di òmìnira ni wọ́n ra ìwé náà. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn akọ̀wé àti tíṣà á kó ara wọn jọ sí ilé ẹni tó bá ní giramófóònù, kálukú á di ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n á máa jó ijó òyìnbó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ ló kún inú rẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún dúdú, ẹsẹ̀ òsì funfun, pẹ̀lú ọfà tín-ín-rín tó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò kọrí sí. Òfin ibẹ̀ kò ṣeé kà tán. Kí ọkùnrin fọ ẹnu kó tó jáde nílé. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí òógùn ọwọ́ rẹ̀ má baà ba aṣọ obìnrin jẹ́. Kí ó má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ ọ bó ṣe ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe máa wo ẹsẹ̀. Lábẹ́ èyí ni bàbá mi ti fi pẹ́ńsù kọ tiwọn ní Yorùbá: "Má wolẹ̀. Owó ò sọnù."

Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́dún tí wọ́n ra ìwé yẹn, àlùfáà ìjọ kò fún àwọn méjèèjì ní Oúnjẹ Olúwa fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí wọ́n ní ìdìmọ́ra gbangba ni. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n wá fi ijó sílẹ̀. Wọ́n ní rárá, àwọn kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé ni.

Ọjọ́ Ajé, 10 Júùnù

Mo gbé ìwé náà lọ fún Raliat, mi ò sì sọ fún Bàbá Fẹ́mi. Inú rẹ̀ dùn bíi pé mo gbé ìkókó fún un. Ó tẹjú mọ́ àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ wọ̀nyẹn, ó wá ṣọ́ọ̀kì, ó tẹ̀ ba, ó sì ya wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti àárín yàrá dé ìta ẹnu ọ̀nà.

"Èmi fúnra mi kì í jó o, Màámi," ó sọ bó ṣe ń yà á. "Ààfáà ni bàbá mi ní Iresa, nítòsí ibí. Mo sọ fún wọn nílé pé mo fẹ́ máa fi ijó tọ́jú àgbàlagbà, wọ́n ní kí n má fi ìlù sí i. Mo ní kò sí ìlù, ìṣirò ni. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìṣirò, kò burú."

Bàbá Fẹ́mi ń wò wá láti orí àga.

"Bàbá, ẹ tẹ ẹsẹ̀ yín sórí àwọn ẹsẹ̀ yìí. Dúdú, ọ̀tún. Funfun, òsì."

Wọ́n dìde. Wọ́n tẹ àkọ́kọ́, wọ́n tẹ èkejì. Mo ń dúró de kí ẹsẹ̀ lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò lẹ̀. Ó lọ. Wọ́n dúró ní kọ́rídọ̀, wọ́n yíjú padà wò wá bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé onílé.

"Bàbá, ẹ ti jó!" ni Raliat pariwo.

"Mi ò jó," ni wọ́n wí. "Mo rìn ni."

Ọjọ́ Àìkú, 16 Júùnù

Iléyá. Sàídù, télọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbé ẹran wá, ó pọ̀. A ò ní lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, nítorí Raliat ti lọ sílé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹsẹ̀ sí pálọ̀, láti ẹsẹ̀ àga wọn dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Bàbá Fẹ́mi wò ó, wọ́n ní ó dà bí ilé tí olè wọ̀. Àmọ́ wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Júùnù

Ṣọ́ọ̀kì ń parẹ́, ẹ̀yìn sì ń ro mí. Mo ronú kan ìṣirò náà. Ijó tí ìwé pè ní wọ́ọ̀sì, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń lọ: ìṣísẹ̀ ńlá kan, kékeré méjì. Mo wá rántí pé orin ìyìn kan wà tí a máa ń kọ ní Ìsìn Àṣálẹ́ tó ń lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo dúró níwájú wọn, mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, mo bẹ̀rẹ̀ orin náà, èmi ń fi ẹ̀yìn rìn, àwọn ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

A dé ẹnu ọ̀nà. A kọjá. A dé kíṣìnnì.

"Orin ìjọ ni," ni Bàbá Fẹ́mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀."

"Kò sí, sà."

"Ó dáa. Tún un kọ."

Ọjọ́ Ajé, 24 Júùnù

Owó ọkọ̀ tún ti gòkè. Raliat ní kí n má fi ẹ̀yìn rìn mọ́, pé tí Bàbá Fẹ́mi bá ṣubú, orí mi ni wọ́n máa ṣubú lé. Ó ní kí a dúró bí ìwé ṣe sọ: ọwọ́ ọkùnrin kan lẹ́yìn obìnrin, ọwọ́ kejì nínú tirẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti fẹ́ ara wa, mi ò sì mọ ibi tí mo máa fi ojú sí.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Júùnù

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Ọmọ́ṣaléwá, ìyá ẹgbẹ́ wa, wá kí aláìsàn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, a ò gbọ́ géètì. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, wọ́n ti dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wò wá: èmi àti ọkọ mi, ọwọ́ lẹ́yìn, ọwọ́ nínú ọwọ́, láàárín pálọ̀.

"Ẹ kú ìsinmi o," ni wọ́n wí, wọ́n sì yí padà, wọn ò wọlé.

Ọjọ́rú, 3 Júláì

Ó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe níbi ijó. Nígbà tí wọ́n dá dìde láti mu omi ni etí kápẹ́ẹ̀tì gbé ẹsẹ̀ wọn. Ìpéǹpéjú ya. Sàídù bá mi gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n rán an ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà, Bàbá Fẹ́mi ò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Mo pe Fẹ́mi, ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun á ti dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Júláì

Fẹ́mi wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìbínú tó ti ń sè látojú ọ̀nà. Ó wo báńdéèjì, ó wo ṣọ́ọ̀kì ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wá rí ìwé lórí tábìlì.

"Ijó, Màámi? Èèyàn tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lẹ ń kọ́ níjó?"

"Físíò ló ní..."

"Físíò ló ní! Tí orí wọn bá fọ́ ńkọ́, físíò ló máa sin wọ́n? Ẹ jẹ́ ká palẹ̀ mọ́. Mi ò ní dúró de Ọ́gọ́ọ̀sì kankan."

Ohun tó ń sọ ni èmi náà ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́rú. Mo ti ń ronú àwọn aṣọ tí mo máa kọ́kọ́ dì.

Bàbá Fẹ́mi ló fọhùn. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ó di kéèyàn sún mọ́ wọn kó tó gbọ́.

"Olúwafẹ́mi. Èmi ni mo ní kí ìyá rẹ kọ́ mi."

Irọ́ ni. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí.

"Kápẹ́ẹ̀tì ló gbé mi ṣubú," ni wọ́n ń bá a lọ. "Ká kápẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá dé Àbújá, ta ló mọ̀ mí? Inú yàrá ẹ̀yìnkùlé ni màá jókòó, màá máa wo ògiri rẹ. Níbí, tí mo bá jáde, wọ́n á ní, Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń jáde ni mò ń wá."

Fẹ́mi jókòó. Ó ní ó dáa, títí di ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì bí a ti sọ tẹ́lẹ̀. Òun á bá wa lọ sọ́dọ̀ físíò náà nígbà náà, òun á fi ojú ara òun rí i. Tí ẹsẹ̀ bàbá kò bá yàtọ̀, a ó wọ mọ́tò, kò sí ẹjọ́.

Bàbá Fẹ́mi ní a gbà.

Fẹ́mi ká kápẹ́ẹ̀tì kó tó lọ sùn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Júláì

Fíkà, olùṣọ́àgùntàn ìjọ wa, ránṣẹ́ pè wá. Mo ti mọ ohun tó fà á. Nígbà tí a débẹ̀, Màmá Ọmọ́ṣaléwá ti jókòó, báàgì wọn lórí itan.

"Fíkà, èmi ò bá wọn jà," ni wọ́n wí. "Mo kàn ní àgbà ìjọ ni wọ́n. Táwọn ọ̀dọ́ bá rí i, kí la fẹ́ sọ?"

Fíkà Ọládépò rọra béèrè: "Màmá, níbi ìdúpẹ́ ìkórè èṣín, ta ló jó títí gèlè fi ṣí?"

"Ijó ọpẹ́ nìyẹn! Mi ò sì di ọkọ ẹnikẹ́ni mú."

"Màmá Rúùtù náà ò di ọkọ ẹnikẹ́ni mú, àyàfi ọkọ wọn," ni Fíkà wí, ó tọ́ka sí mi.

Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu Màmá Ọmọ́ṣaléwá nígbẹ̀yìn, èyí tí wọn ò fẹ́ kó jáde. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ìwòsàn ni, pé ẹnì kankan ò sọ fún àwọn. Mo ní mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́.

Fíkà wá kọjú sí Bàbá Fẹ́mi. "Ọ̀gá, ẹ rántí ijó ìdágbére tí ẹ fagi lé? Kíláàsì karùn-ún ni mo wà lọ́dún náà. Mo ti ra bàtà."

"Bàtà wo?"

"Bàtà onígìgísẹ̀ gíga, Ọ̀gá. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí ẹsẹ̀ mi fi tóbi jù ú lọ."

Bàbá Fẹ́mi wo Fíkà, wọ́n wò ó pẹ́, bíi pé ọmọ kíláàsì karùn-ún yẹn ni wọ́n ń wá lójú rẹ̀. "Má bínú, Ọládépò."

"Háà, Ọ̀gá! Ǹ bá tiẹ̀ ti fi bàtà yẹn ṣubú."

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ó fi dìde, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìjọ ti wà lọ́wọ́ mi. Fíkà ní ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sì sí kápẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Júláì

Mo gbá gbọ̀ngàn. Àdán ti sọ ibẹ̀ di tirẹ̀. Màmá Ọmọ́ṣaléwá wá, wọ́n mú ìgbálẹ̀ tiwọn dání.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Júláì

Wọ́n yọ okùn ìpéǹpéjú. Ọ̀dà tí mo fi ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbọ̀ngàn ti gbẹ. Àárọ̀ ni a ń lọ, kí oòrùn tó mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìwọ́de. Ọkọ̀ ò rìn, ṣọ́ọ̀bù ò ṣí. A ò tíì mọ̀ bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ máa ṣeé lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀nà ẹ̀yìn la gbà lọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi mélòó kan, mo sì jágbe mọ́ wọn. Mi ò jágbe mọ́ wọn rí. Wọ́n ní, "Rúùtù, sinmi." Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, a sì jọ ń gbọ́ ariwo ìta.

Ọjọ́rú, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Raliat sọ ohun kan lọ́jọ́ Ajé tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ ń fà wọ́n. Ìwé ní ọkùnrin ló ń ṣáájú. Ẹni tó ń ṣáájú ló ní láti bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́." Láti ìgbà náà ni mo ti ń dúró gbọin bí òpó, tí mò ń retí kí Bàbá Fẹ́mi gbéra. Lánàá, a dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Lónìí ọwọ́ wọn tẹ̀ mí lẹ́yìn díẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti ṣí, tèmi sì tẹ̀ lé e. A yí gbọ̀ngàn náà ká. Nígbà tí a dé ibi fèrèsé, wọ́n sọ̀rọ̀ láìdúró:

"Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, wọ́n máa ń ṣe ijó níparí sáà. Ìdí ògiri ni mo máa ń dúró sí."

"Nítorí pé ẹ kórìíra rẹ̀."

"Nítorí pé mi ò mọ̀ ọ́n jó. Ẹnì kan fi mí rẹ́rìn-ín lọ́dún àkọ́kọ́. Mo wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀."

Mo fi orí mi ti èjìká wọn. Ìwé ò fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn, ó ní kí àlàfo tó gba Bíbélì kan wà láàárín. Bàbá mi ti fi pẹ́ńsù fagi lé ibẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Ọ́gọ́ọ̀sì

Fẹ́mi ti kúrò ní Àbújá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mọ́tò ńlá tó ṣófo ló gbé wá. Ó ti ká àga ẹ̀yìn sílẹ̀ kí ẹrù lè wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 26 Ọ́gọ́ọ̀sì

Fẹ́mi ló fi mọ́tò gbé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀.

Raliat ò bá Fẹ́mi jiyàn. Ó kí i, ó fún un ní àga, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kàn máa wò." Ó gbé àga Bàbá Fẹ́mi sí ìpẹ̀kun yàrá. Kò sí ṣọ́ọ̀kì, kò sí orin. Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n wá jókòó.

Wọ́n dìde láìdi nǹkan mú. Wọ́n rìn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹsẹ̀ lẹ̀.

Mo rí i. Fẹ́mi náà rí i, ó sì ti fẹ́ dìde. Mo gbé ọwọ́ mi sókè láti pàtẹ́wọ́, ni Raliat bá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó mi orí.

Bàbá Fẹ́mi gbé ojú kúrò nílẹ̀. Wọ́n gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, wọ́n gbé e lé ọ̀tún, wọ́n tún gbé e lé òsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dúró de kí orin yípo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, gọ̀bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń rìn lọ sí kíláàsì nígbà ọ̀dọ́. Wọ́n jáde. A ò rí wọn mọ́. A gbọ́ ìró bàtà wọn ní kọ́rídọ̀, ó dúró, ó yí, ó ń bọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n sì jókòó.

"Ṣé kí n tún un ṣe?" ni wọ́n bi Raliat.

Fẹ́mi sáré jáde. Mo rò pé fóònù ni. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ti tutù jù. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀, fáànù ni.

Ó bi Raliat bóyá àìsàn náà máa lọ. Inú mi dùn pé kò parọ́ fún un. "Rárá o, Bọ̀dá. Kò ní lọ, ó sì lè le sí i lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbéra. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí."

A ti fẹ́ wọ Ọ̀yọ́ kí Fẹ́mi tó ní, "Màámi, kí ẹ bá mi pe káfíńtà lọ́la. Balùwẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ní ibi ìdìmú."

Mo wo ojú fèrèsé. Mi ò fẹ́ kó rí ojú mi nínú díńgí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Káfíńtà wá, ó kan igi ìdìmú sí balùwẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mọ́tò ńlá náà ò padà lófo: iṣu Ìkòyí-Ilé ló kún un dé òkè, iṣu tuntun. Fẹ́mi dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kó tó wọ mọ́tò, gbalaja, bí ó ti ń ṣe nígbà tó ń lọ sílé ìwé.

Ọjọ́bọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Epo bẹntiróòlù ti wọ́n kọjá sísọ, gbogbo àdúgbò ló ń kùn.

Bàbá Fẹ́mi ní àwọn ń lọ gé irun. Mo dìde láti mú ìborùn mi.

"Rúùtù, jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n jáde. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn dúró lẹ́nu géètì. Mo di apá àga mú. Ó tún gbéra. Mo gbọ́ ohùn Sàídù láàárín ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀: "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o!" Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo pinnu láti máa wo ojú fèrèsé títí wọ́n á fi dé. Oorun ló gbé mi lọ. Mi ò sun oorun ọ̀sán láti oṣù Méè tí wọ́n ti ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo jí, oòrùn ti kúrò lórí tábìlì. Mo ń gbọ́ nǹkan ní kíṣìnnì. Mo sáré débẹ̀. Bàbá Fẹ́mi ti dé, irun wọn mọ́lẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n jókòó ti àtẹ ilá kan tí wọ́n rà lọ́nà, wọ́n ń fi ọ̀bẹ tí kò mú gé e. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ọ̀bẹ ń gbọ̀n. Òmíràn tóbi bí ìka, òmíràn ti fọ́ wẹ́wẹ́, díẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

Mi ò gba ọ̀bẹ. Mo fa àpótí ìjókòó, mo jókòó tì wọ́n.

"Ó ti pẹ́ tí ẹ dé?"

"Ó pẹ́. O ń hanrun."

Mo gbé omi kaná, mo da ilá náà sí i bó ṣe wà, ńlá àti kékeré. Ó fà dáadáa.